Bí A Ṣe Ń Tọpa Ariwo Nínú Míksà Àtijọ́

Lọ́dún 1973, Paul McCartney kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Èkó láti gba àwo Band on the Run sílẹ̀. Sítúdíò EMI tó wà ní Wharf Road, ní Apapa, ni wọ́n lò. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ Studer oníkànnì mẹ́jọ kan ṣoṣo ni wọ́n bá níbẹ̀, míksà tó wà nílẹ̀ sì ní àléébù. Geoff Emerick ni ẹnjiníà tó jókòó tì í. Síbẹ̀, Apapa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú orin inú àwo náà.

Irú míksà bẹ́ẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ, ní sítúdíò kéékèèké láti Agége dé Mọ́kọ́lá, Soundcraft, Allen & Heath, Yamaha, Peavey àti Mackie tòkunbọ̀ tó ti lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n lágbára, ohùn wọn dùn, wọ́n sì ṣeé tú, wọ́n ṣeé tún ṣe, èyí tí ọ̀pọ̀ míksà òde òní kò fàyè gbà. Ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọ́n á máa ta pàrà-pàrà, wọ́n á máa dún ṣììì lábẹ́ ohùn oníwàásù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe nígbà náà ni kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ fún ẹni tí yóò tú u palẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ibi tí ariwo ti ń wá. Bí míksà tó ṣeé tún ṣe láàárín wákàtí méjì ṣe ń di ẹrù ẹ̀yìnkùlé nìyẹn. Orí ìwé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ fi etí ara rẹ̀ wá ibùgbé ariwo náà kí sikurudiráfà tó kan ẹ̀rọ.

Ohun tí yóò wà nílẹ̀

Hẹ́dìfóònù gidi ló ṣáájú, torí pé etí ló máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Mítà tẹ̀lé e, èyí tó lè ka fólítì DC, fólítì AC àti óòmù. Kí wáyà kánọ́ọ̀nù méjì àti wáyà jáàkì méjì wà nílẹ̀ tó dájú pé kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Wáyà tí a kò tíì dán wò lára ẹ̀rọ mìíràn lè tan ènìyàn jẹ fún odindi ọjọ́ kan. Kí ẹni náà tún wá jáàkì sítẹ́rẹ́ò kan tó ní orí, òrùka àti ìdí, kó fi lẹ́ẹ̀dì so orí rẹ̀ mọ́ òrùka rẹ̀. Jáàkì olówó kékeré yìí ni yóò yanjú ẹjọ́ kan tó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú.

Fún inú ẹ̀rọ, ó nílò sikurudiráfà oníràwọ̀ àti ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ, sípánà kékeré fún àwọn nọ́ọ̀tì tó di nọ́ọ̀bù àti jáàkì mú, búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, owú ìnutí, ọtí isopropyl, àti sípréè tí wọ́n ṣe fún fífọ kọ́ńtáàkì, irú bíi DeoxIT tàbí Servisol. Àyọ́ọ̀nù ìjólẹ́ẹ̀dì tí kò ju 40W lọ tó, pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́ àti ohun tí a fi ń fa lẹ́ẹ̀dì kúrò. Rẹsísítọ̀ 1kΩ oní-5W kan wà fún títú iná kúrò nínú kapásítọ̀. Àpótí DI tó ní tíránsífọ́mà nínú náà yóò wúlò. Èyí tó kù ni tépù bébà, bírò, ìwé kékeré, àti fóònù tó lè ya àwòrán. Bí ìwé àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ tó ṣe míksà náà kọ bá ṣeé rí, kí ó wá a, torí inú rẹ̀ ni iye fólítì tó yẹ kó wà níbi kọ̀ọ̀kan wà.

Ìwé kékeré náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Gbogbo ohun tí a bá yí, gbogbo ohun tí a bá gbọ́, kí ó wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn ìkànnì kẹwàá, kò sí ẹni tó tún rántí bóyá ìkànnì kẹta ló ń kùn ni àbí ìkẹrin.

Ẹ̀mí ṣáájú ohùn

Iná 230V ló ń wọ inú ẹ̀rọ yìí. Bí a bá fẹ́ tú u, púlọ́ọ̀gì ni a ń yọ kúrò lára ògiri. Pípa ṣúìṣì nìkan kò tó. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a fi mítà wọn àwọn kapásítọ̀ ńlá inú páwápáàkì, kí a sì fi rẹsísítọ̀ 1kΩ yẹn tú iná tó bá ṣẹ́ kù nínú wọn. Fífi ẹnu sikurudiráfà pa ẹsẹ̀ kapásítọ̀ pọ̀ kó lè ta gbàù jẹ́ àṣà búburú tó ń ba kapásítọ̀ jẹ́, tó sì lè fọ́n irin gbígbóná sójú ènìyàn. Bí páwápáàkì náà kò bá ní tíránsífọ́mà wúwo, tó jẹ́ irú fífúyẹ́ tó wà nínú ṣájà kọ̀ǹpútà, nǹkan bíi 325V lè wà nínú kapásítọ̀ rẹ̀ kódà lẹ́yìn tí a ti yọ iná. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ ṣí irú rẹ̀ rárá.

Ìkìlọ̀ tó tóbi jù lọ ni ti ẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan máa ń gé ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì púlọ́ọ̀gì míksà, tàbí kí wọ́n tú wáyà aláwọ̀ ewé àti ofeefee sílẹ̀ nínú rẹ̀, torí pé ìkùn á dákẹ́. Lóòótọ́ ni yóò dákẹ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1972, Les Harvey, olórin gìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows ti Scotland, di máìkì tí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò péye mú lórí pèpéle ní Swansea. Iná gbé e, ó sì kú níbẹ̀. Bí ìkùn bá dákẹ́ nígbà tí ẹ́ẹ̀tì kúrò, ohun tí a mọ̀ báyìí ni irú àìsàn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà. Ìwòsàn rẹ̀ wà níbòmíràn, a ó sì dé ibẹ̀. Bí akọrin bá sì sọ pé máìkì ń ta òun létè, kí wọ́n dá orin dúró. Kí wọ́n fi mítà wọn fólítì AC láàárín irin orí máìkì náà àti ẹ́ẹ̀tì ilé kí ẹnikẹ́ni tó tún fọwọ́ kàn án.

Etí náà nílò ààbò. Kí a tó fa wáyà kankan yọ, ká rẹ ámpù sílẹ̀ pátápátá. Kí a pa iná fántọ́ọ̀mù 48V, ká sì dúró díẹ̀ kó lọ. Kí a má sì fi hẹ́dìfóònù sétí kí nọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí a bá ń wọn ẹ̀rọ tí iná wà lára rẹ̀, òrùka àti aago ọwọ́ kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́, ọwọ́ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rọ, kí ẹlòmíràn sì wà nítòsí tó mọ ibi tí a ti ń pa iná.

Gbígbọ́ ṣáájú títú

Kí ẹni náà ya àwòrán ẹ̀yìn míksà pẹ̀lú gbogbo wáyà tó wà níbẹ̀, kó fi tépù kọ orúkọ sára wọn, kó wá tú gbogbo wọn pátá. Kí ó má ṣẹ́ ku nǹkan kan ju wáyà iná àti hẹ́dìfóònù lọ. Gbogbo féédà wà nílẹ̀, gbogbo géènì wà ní ìsàlẹ̀. Kó tan ẹ̀rọ náà, kó gbé féédà àgbà àti hẹ́dìfóònù sókè díẹ̀díẹ̀, kó sì gbọ́.

Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, orí míksà ti bọ́ nínú ẹ̀sùn náà. Ìta ni ariwo ti ń wọlé. Kí ó wá máa dá wáyà padà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ámpù lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà máìkì, kíbọ́ọ̀dù, láptọ́ọ̀pù. Wáyà tí ariwo bá bá padà ni kó mú. Ó yani lẹ́nu bí ó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́: míksà tí wọ́n ti ń pè ní òkú ẹ̀rọ, ṣájà láptọ́ọ̀pù ló ń dá a láàmú.

Bí ariwo bá wà síbẹ̀ nígbà tí kò sí wáyà kankan, kí ó gbọ́ irú ohùn tí ariwo náà ní. Iná ilé wa ń lọ ní 50Hz. Ìkùn tó ń wọlé láti inú ẹ́ẹ̀tì tàbí láti ara tíránsífọ́mà sábà máa ń jẹ́ 50Hz, ṣùgbọ́n èyí tó ń ti inú páwápáàkì tó ti ń rẹ̀ wá sábà máa ń jẹ́ 100Hz, torí pé páwápáàkì máa ń ṣẹ́ ìgbì iná méjèèjì sí apá kan náà. Kò sí ìdí láti ra ẹ̀rọ pàtàkì láti mọ ìyàtọ̀ wọn. Lórí kíbọ́ọ̀dù olórin tó ní ọmọ 61, G àkọ́kọ́ láti apá òsì jẹ́ 98Hz. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì tó ń sọ kíbọ́ọ̀dù kalẹ̀ ní ìpele kan, G yẹn kan náà á di 49Hz. Kí ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù nínú ṣọ́ọ̀ṣì dúró ti míksà, kó tẹ méjèèjì, kó sọ èyí tí ìkùn náà bá mu. Etí olórin kì í ṣì í.

Jẹnẹrétọ̀ náà ní àǹfààní kan tí àwọn ènìyàn kì í rò ó kàn. Àwọn kéékèèké máa ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan láti mú 50Hz jáde, ṣùgbọ́n eré wọn ń yí padà bí ẹrù bá pọ̀ tàbí dín kù. Bí ìkùn bá ń lọ sókè sódò bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń sáré tàbí ń fà, kò sí àríyànjiyàn mọ́: ara iná ló ti ń wá. Bí ohùn rẹ̀ kò bá yí padà rárá láàárín iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀, kí a wo ibòmíràn.

Ariwo kan tún wà tó máa ń ta dídì-dídì-dí kí fóònù tó dún. GSM ni. Fóònù GSM ń tan, ó ń kú ní ìgbà 217 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà máìkì sì ń gbé e. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni GSM wọ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn míksà wọ̀nyí ti wà ṣáájú rẹ̀. Kí fóònù kúrò lórí míksà. Kò nílò àtúnṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fífi féédà tọpa

Ohùn ń ṣàn nínú míksà bí omi odò: ó ń wọlé láti ẹnu kánọ́ọ̀nù, ó gba géènì kọjá, ó gba nọ́ọ̀bù dídùn ohùn, ó dé féédà ìkànnì, ó dàpọ̀ mọ́ ti àwọn ìkànnì yòókù, ó gba féédà àgbà kọjá, ó jáde. Ìdọ̀tí tó bá wọlé ní òkè yóò dínkù bí a bá sé ẹnu ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, kí a rẹ féédà àgbà sílẹ̀. Bí ariwo bá bá a lọ, kí a mọ̀ pé ṣáájú féédà àgbà ló ti wọlé. Bí kò bá yí padà, lẹ́yìn rẹ̀ ni, ìyẹn ní ẹnu ọ̀nà àbájáde tàbí nínú páwápáàkì. Bó bá wọlé ṣáájú, kí a gbé féédà àgbà padà sókè, ká wá máa míùtù ìkànnì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ariwo bá bá ìkànnì keje lọ, inú ìkànnì keje ló wà. Nínú ìkànnì yẹn náà, ká tún ṣe bákan náà: ká rẹ féédà rẹ̀ sílẹ̀, ká yí géènì rẹ̀, ká pa bọ́tìnnì dídùn ohùn rẹ̀ bí ó bá ní. Ariwo tó ń tẹ̀lé géènì wà nítòsí ẹnu kánọ́ọ̀nù. Èyí tí géènì kò kàn, ṣùgbọ́n tí féédà ìkànnì ń darí, wà láàárín àwọn méjèèjì.

Bí gbogbo ìkànnì bá ń ṣe bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú ìkànnì kankan. Páwápáàkì, ẹ́ẹ̀tì, tàbí apá àgbà ni kó dojú kọ. Àṣìṣe tó ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn jù lọ níbí ni kí a máa pààrọ̀ nǹkan nínú ìkànnì kan nígbà tí àìsàn náà jẹ́ ti gbogbo ara.

Ìgbà wo ni jáàkì olórí-òrùka yẹn dé? Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ míksà, ihò jáàkì kan wà fún ìkànnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ “insert” sí. Nínú rẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí ohùn ń gbà kọjá nígbà tí kò sí jáàkì nínú ihò náà, èyí tó túmọ̀ sí pé ohùn ń gba ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kò fi nǹkan kan síbẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ. Eruku ọyẹ́ àti ọ̀rinrin òjò á wá bo irin náà, ìkànnì á máa ta pàrà-pàrà, á máa lọ á máa bọ̀, bí wọ́n bá fọwọ́ lu míksà á tún sọ̀rọ̀. Kí a ti jáàkì tí a so orí rẹ̀ mọ́ òrùka wọ inú ihò náà. Bí ìkànnì bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ tí ohùn rẹ̀ sì mọ́, irin yẹn ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Kí a pa ẹ̀rọ, ká fọ́n sípréè ìfọkọ́ńtáàkì díẹ̀ sára jáàkì lásán, ká ti í wọlé ká fà á jáde nígbà ogún. Ọ̀pọ̀ ìkànnì tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀ ló ti jí bẹ́ẹ̀ láìtú bóòtù kan.

Ẹ́ẹ̀tì àti àwọn aládùúgbò míksà

Ìkùn 50Hz tó ń wá nígbà tí a bá so ẹ̀rọ mìíràn mọ́ míksà sábà máa ń jẹ́ ti ẹ́ẹ̀tì méjì tó ń bá ara wọn jà: míksà ń gba ẹ́ẹ̀tì níbí, ámpù ń gbà á ní ògiri òdìkejì, wáyà ohùn wá di afárá tí iná ń gbà kọjá láàárín wọn. Ohun àkọ́kọ́ ni kí gbogbo ẹ̀rọ ohùn máa gba iná láti ojú kan, lórí ẹ̀ka iná kan tí agbára rẹ̀ tó, tí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jẹ́ ti gidi. Kí oníṣẹ́ iná fi ẹ̀rọ wọn ẹ́ẹ̀tì sọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ̀ngàn náà, torí kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n pé ihò kẹta wà lára ògiri ṣùgbọ́n kò so mọ́ nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù ni aládùúgbò tó le jù. Kí a yọ ṣájà rẹ̀ kó máa lo bátìrì. Bí ìkùn bá dákẹ́, àpótí DI tó ní tíránsífọ́mà ni ìdáhùn. Ohùn á kọjá nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sí wáyà tó so méjèèjì pọ̀ ní tààrà. Bọ́tìnnì “ground lift” tó wà lára DI ń já ẹ́ẹ̀tì wáyà ohùn nìkan, kò kan ẹ́ẹ̀tì iná, nítorí náà kò léwu. Láàárín míksà àti ámpù, kí wáyà kánọ́ọ̀nù tàbí jáàkì onílà mẹ́ta máa ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ̀rọ méjèèjì bá ti gbà á. Bí ìkùn ṣì wà, a lè já ìbora wáyà náà ní ẹnu kan, lápá ibi tí ohùn ti ń wọ ẹ̀rọ kejì, ká sì fi tépù pupa sàmì sí wáyà náà kí ẹlòmíràn má bàa lò ó fún máìkì.

Àwọn míksà àtijọ́ kan ní àbùkù tí wọ́n bí mọ́ wọn. Wáyà ìbora tó wọlé láti ẹsẹ̀ kìíní kánọ́ọ̀nù lọ sórí pátákó ohùn dípò kó lọ sára àpótí irin ní tààrà, iná tó ń rìn lára ìbora á sì dàpọ̀ mọ́ orin. Neil Muncy kọ̀wé lórí èyí nínú ìwé àtìgbàdégbà Audio Engineering Society lọ́dún 1995, ẹgbẹ́ náà sì gbé òfin AES48 jáde lórí rẹ̀ ní 2005. Àtúnṣe rẹ̀ ni wáyà kúkúrú tó nípọn láti ẹsẹ̀ kìíní sára irin àpótí, nídìí kánọ́ọ̀nù gan-an. Ẹni tó mọ àyọ́ọ̀nù lò dáadáa ni iṣẹ́ náà wà fún.

Nígbà tí a bá wá tú u

Kí ó má jẹ́ alẹ́ Sátidé, nígbà tí ìsìn wà lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ìkànnì kan bá ń pariwo lálẹ́ Sátidé, kí a míùtù rẹ̀, ká lẹ tépù mọ́ ọn, ká gbé máìkì lọ sórí òmíràn. Títú fẹ́ ọjọ́ tó gbòòrò, tábìlì tó mọ́ àti ìmọ́lẹ̀.

Wáyà pẹlẹbẹ tó so pátákó kan mọ́ òmíràn ni ká kọ́kọ́ wò. Ká ya àwòrán rẹ̀, ká fà á yọ, ká fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọtí isopropyl nu ẹnu rẹ̀, ká dá a padà ní ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ kékeré yìí nìkan máa ń wo ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sàn. Eruku náà, búrọ́ọ̀ṣì ni kí a fi kó o, pẹ̀lú ohun ìbòmú. Atẹ́gùn láti ọ̀dọ̀ fọkanáísà máa ń gbé omi àti òróró dání, kò sì dára fún ẹ̀rọ yìí.

Páwápáàkì ló tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ míksà ń lo fólítì méjì tó dọ́gba, ọ̀kan lókè òdo, ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀, bíi 15V tàbí 17V, pẹ̀lú 48V fún fántọ́ọ̀mù. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ tí èkejì sì dúró, rẹ́gúlétọ̀ tàbí kapásítọ̀ rẹ̀ ni ká fura sí. Ká wá gbé mítà sí AC ká tún wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan: ohun tó yẹ ká rí kò ju mílífólítì díẹ̀ lọ. Mítà olówó pọ́ọ́kú kan máa ń ka DC bí ẹni pé AC ni. Ká yí ẹnu wáyà rẹ̀ padà. Bí iye tó kà bá yàtọ̀ pátápátá, mítà náà ló ń parọ́.

Kapásítọ̀ ńlá inú páwápáàkì máa ń gbẹ, ooru ló sì ń yára gbẹ wọn. Ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ ń lò ni pé bí ooru bá fi 10°C lé, ẹ̀mí kapásítọ̀ á dínkù sí ìdajì. Míksà tó wà nínú àpótí onígi tí kò ní ihò, nínú yàrá tí kò ní fáànù, kò lè pẹ́. Èyí tí orí rẹ̀ bá wú, tàbí tí omi yọ nídìí rẹ̀, kí a pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú µF kan náà, fólítì kan náà tàbí èyí tó jù ú lọ, irú tí wọ́n kọ 105°C sí. Kí a wo apá tí wọ́n fi àmì òdì sí ní ẹ̀ẹ̀mejì kí àyọ́ọ̀nù tó gbóná. Kapásítọ̀ tí a fi ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú máa ń bú gbàù.

Nọ́ọ̀bù àti féédà tó ń ta pàrà-pàrà nígbà tí a bá yí wọn fẹ́ sùúrù. Bí ẹ̀rọ ti wà ní pípa, ká fọ́n sípréè ìfọkọ́ńtáàkì bíńtín sínú ihò nọ́ọ̀bù, ká yí i lọ yí i bọ̀ nígbà ọgbọ̀n, ká jẹ́ kó gbẹ. Kò gbọdọ̀ jẹ́ WD-40. Féédà ní òróró rírọ̀ tí wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́ kó lè máa yọ̀ lọ jẹ́jẹ́. Bí a bá da sípréè lé e, òróró náà á wẹ̀ lọ, féédà á sì máa lọ wúruwùru. Bí nọ́ọ̀bù bá tún ń ta lẹ́yìn tó ti mọ́, ìdọ̀tí kọ́ ni. Ká fi mítà wọn DC lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí mílífólítì bá ti ń lọ sí ọgọ́rùn-ún, kapásítọ̀ tó yẹ kó dá DC dúró níwájú rẹ̀ ló ti ń jò, òun ni a ó pààrọ̀.

Ariwo ṣììì

Díẹ̀ nínú rẹ̀ kò lè lọ láéláé. Rẹsísítọ̀ 150Ω lásán, tí kò ṣe nǹkan kan, ń dá ariwo tó jẹ́ nǹkan bíi -131 dBu sílẹ̀ láàárín gbogbo ohùn tí etí ń gbọ́, máìkì oní-150Ω náà kò sì lè dákẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Míksà àtijọ́ tó dára lè sún mọ́ -128 dBu. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á fi géènì sísàlẹ̀, wọ́n á wá ti féédà ìkànnì, féédà àgbà àti ámpù gbogbo dókè, ariwo ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n wá ń gbé sókè. Kí géènì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, kí féédà wà nítòsí òdo, kí ámpù sì wá sílẹ̀.

Lórí míksà oníkànnì 24, ibi tí gbogbo wọn ti ń dàpọ̀ máa ń sọ ariwo ara rẹ̀ di ìlọ́po 25, ìyẹn 28 dB, bí féédà wọn tilẹ̀ wà nílẹ̀. Lórí àwọn míksà kan, yíyọ ìkànnì tí a kò lò kúrò lára àgbà máa ń dín in kù gedegbe. Kí a dán an wò.

Bí ṣììì bá wá láti inú ìkànnì kan ṣoṣo, tó ń hó tó sì ń yí padà bí ẹ̀rọ ṣe ń gbóná, áísì ìkànnì yẹn ti lè bà jẹ́. Irú rẹ̀ kan náà ni ká fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan á ní kí a yọ gbogbo áísì TL072 ká fi áísì NE5532 sí i torí pé ó dákẹ́ jù. Kí wọ́n ṣírò rẹ̀ ná: TL072 kan ń mu nǹkan bíi 2.8mA, NE5532 ń mu 8mA. Míksà tó ní ọgọ́rùn-ún wọn á kúrò ní 280mA, á dé 800mA, páwápáàkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe sì lè jóná. Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ ṣe é, ìkànnì méjì ni kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, níbi tí máìkì oníwàásù àti ti olórí akọrin wà.

Kí a tó dé e padà

Ohun kan ni ká máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, ká gbọ́ ọ, ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká tó kan òmíràn. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, kí ẹ̀rọ wà ní títàn fún wákàtí méjì, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ lórí, torí pé àwọn àìsàn kan kì í jáde títí ooru á fi mú wọn. Ká tún gbọ́ ìkànnì kọ̀ọ̀kan nínú hẹ́dìfóònù, ká sì fi èyí tí a gbọ́ wé ohun tó wà nínú ìwé.

Lẹ́yìn náà, ká yọ iná, ká gbé mítà sí óòmù, ká fi ẹnu kan kan ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì púlọ́ọ̀gì, ká fi ẹnu kejì kan irin àpótí míksà níbi tí ọ̀dà kò sí. Kò gbọdọ̀ tó óòmù kan. Bí míksà bá ní páwápáàkì lóde, ká wọn ti àpótí páwápáàkì náà lọ́tọ̀, ká sì mi wáyà iná rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí a ti ń wọn ọ́n. Bí iye náà bá ń fò, wáyà yẹn ni a ó pààrọ̀ kí ẹ̀rọ tó padà sórí tábìlì.